Ọjọ́ Tí Wegener àti Rasmus Jáde Lọ Sínú Yìnyín

Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní jọ́gíráfì ní Ìkọ̀lé-Èkìtì kò lè ṣe kó má dárúkọ Alfred Wegener, ará Jámánì tó sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan rí kí wọ́n tó ya ara wọn. Ohun tí a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ ni pé wíwo ojú ọjọ́ ni iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe, àti pé ẹnu iṣẹ́ wíwọn yìnyín ló kú sí, láàárín erékùṣù Greenland. Ọjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i kẹ́yìn láàyè ni Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1930. Ọjọ́ náà gan-an ló pé ẹni 50 ọdún. Kò dá lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ bíbí Greenland, tó ń jẹ́ Rasmus Villumsen, ni wọ́n jọ jáde. Nítorí Rasmus ni mo ṣe fẹ́ ka ọjọ́ náà ní wákàtí-wákàtí.

Oòrùn ni mo fi ka wákàtí rẹ̀. Eismitte, ibi tí wọ́n ti gbéra, jìnnà sí ìwọ̀ oòrùn Èkìtì débi pé bí oòrùn bá kàntàrí ní Ìkọ̀lé, aago 9 àárọ̀ ni lọ́hùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, aago 9 yìí náà ni oòrùn ń yọ níbẹ̀. Bó bá ti di nǹkan bí aago 3 ọ̀sán, ó ti wọ̀.

Aago 3 òru. Aago 6 àárọ̀ ní Ìkọ̀lé

Ilẹ̀ ń mọ́ ní Èkìtì. Láti Ìdó dé Ààyè, títí dé Ìkọ̀lé, àsìkò tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn, tí kòkó ń pọ́n lórí igi. Ọdún yẹn kan náà ni ìsọjí oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Ní Eismitte, òkùnkùn ṣì bolẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún ló wà nínú ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sínú òjò dídì tó ti le gbagidi. Ibẹ̀ jìn tó 400 kìlómítà sí etí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Greenland. Kò sí igi, kò sí òkúta, kò sí ẹran tàbí ẹyẹ. Orí yìnyín ni wọ́n wà, ibi tí wọ́n sì dúró sí ga tó 3,000 mítà. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, kò dé 2,500 mítà.

Johannes Georgi ló kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀ ní ìparí oṣù Keje. Ernst Sorge wá bá a lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ibẹ̀ fún odindi ọdún kan, kí wọ́n máa kọ bí òtútù ti tó, bí ìjì ti ń fẹ́, bí òjò dídì ti ń rọ̀ àti bí yìnyín ti nípọn tó. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí ní àárín Greenland. Ilé tí ó yẹ kí wọ́n gbé kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rọ rédíò kò dé, kẹrosíìnì tó dé kò sì tó. Ni wọ́n bá gbẹ́ ihò. Nínú ihò náà, òtútù jẹ́ nǹkan bí −5°C. Níta, ó ti ju −50°C lọ rí.

Àwọn mẹ́ta yòókù dé ní 30 oṣù Kẹwàá: Wegener tí í ṣe olórí ìrìn-àjò ìwádìí náà, Fritz Loewe tí òun náà jẹ́ awojú-ọjọ́, àti Rasmus. Wegener yọ̀ púpọ̀ nígbà tó wọ inú ihò náà, ó sì ń yin bí ibẹ̀ ti tù wọ́n lára tó. Loewe kò lè dìde. Òtútù ti pa àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Georgi fi ọ̀bẹ ìléwọ́ gé wọn, láìsí oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora.

Aago 6 àárọ̀. Aago 9 àárọ̀ ní Ìkọ̀lé

Kí ló dé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin 400 kìlómítà nínú òtútù bẹ́ẹ̀ kò fi lè sinmi ju ọjọ́ kan lọ? Oúnjẹ àti kẹrosíìnì ni.

Georgi àti Sorge ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí etí òkun pé bí ẹrù kò bá tẹ àwọn lọ́wọ́ títí di 20 oṣù Kẹwàá, àwọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn padà. Wegener mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń fẹ́ lọ bá. Ó ní mọ́tò méjì tí wọ́n ṣe fún rírìn lórí òjò dídì, tí abẹ̀bẹ̀ irú ti ọkọ̀ òfuurufú ń tì, ṣùgbọ́n wọn kò lè dé ibẹ̀. Ajá ló kù. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, òun, Loewe àti àwọn ará Greenland mẹ́tàlá di ẹrù ka orí sílẹ́ẹ̀jì, ìyẹn pákó gbọọrọ tí ajá ń fà lórí yìnyín, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Òjò dídì ti bo àmì ojú ọ̀nà. Òtútù ń le sí i lójoojúmọ́. Àwọn ará Greenland mọ yìnyín tọmọdé tàgbà, wọ́n sì rí i pé ìrìn-àjò náà ti kọjá ohun tí èèyàn ń dágbá lé ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń padà, pẹ̀lú sílẹ́ẹ̀jì àti ajá wọn. Ẹ má ṣe pè wọ́n ní ojo: ọgbọ́n ìlú wọn ni wọ́n tẹ̀ lé. Níkẹyìn, ó ku Rasmus nìkan. Ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún ni. Ó gbà láti bá àwọn méjèèjì lọ títí dé òpin.

Ìrìn náà gbà ju oṣù kan lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, wọ́n ti ju ẹrù sílẹ̀ lọ́nà, ajá sì ti ń kú. Wọ́n dé Eismitte láìsí ẹrù kankan tó ṣe é tọ́ka sí fún àwọn tí wọ́n wá gbà là. Georgi àti Sorge ní tiwọn ti yí ìpinnu wọn padà. Wọ́n ti ṣírò ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí àwọn bá ń ṣọ́ kẹrosíìnì jó, àwọn lè fara dà á títí òtútù yóò fi kásẹ̀.

Ìṣirò yẹn náà ló lé Wegener jáde. Oúnjẹ ẹni méjì lè tó ẹni mẹ́ta bí wọ́n bá ń fún un lọ́wọ́. Kò lè tó ẹni márùn-ún láé. Loewe kò lè rìn, nítorí náà ó di dandan kó dúró. Wegener àti Rasmus ni yóò lọ.

Aago 7 àárọ̀. Aago 10 àárọ̀ ní Ìkọ̀lé

Aago 7 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán àti aago 9 alẹ́: àṣà àwọn awojú-ọjọ́ Jámánì láti ìgbà pípẹ́ ni láti máa ka ohun-èlò wọn ní wákàtí mẹ́ta yìí. Ní Eismitte, Georgi ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Bí ìjì ń jà, bí ara ń ro ó, ó gbọ́dọ̀ gun òkè láti inú ihò, kó lọ wo tẹ̀mómítà àti ohun tí ń wọn ìjì, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ yìí, òtútù jẹ́ −39°C. Mẹ́kúrì, omi fàdákà tí ń bẹ nínú tẹ̀mómítà tí a mọ̀, máa ń dì gbagidi bí òtútù bá ti kọjá −38.8°C. Ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù lọ́hùn-ún ní láti jẹ́ èyí tí ọtí wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, lójú àwọn tó wà ní Eismitte, ọjọ́ tó rọ̀ díẹ̀ ni, nítorí ọjọ́ méjì sẹ́yìn ti burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọdún tó yípo, ìwé Georgi yóò gba −64.9°C sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí kò ní ìlù, tí kò ní ijó ni iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà kan lórí òmíràn ni, láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ṣùgbọ́n láti inú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, tí àwọn awojú-ọjọ́ kó jọ láti ibi púpọ̀, ni Wladimir Köppen, bàbá ìyàwó Wegener, ti pín ojú ọjọ́ ayé sí ìsọ̀rí tí a fi lẹ́tà mọ̀. Aw ni ìsọ̀rí tí Èkìtì bọ́ sí: ilẹ̀ olóoru tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn pín ọdún mọ́wọ́. Àárín Greenland kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kan rí kí Georgi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Aago 9 àárọ̀. Ọ̀sán gangan ní Ìkọ̀lé

Oòrùn yọ ní Eismitte, ó pupa, kò mú. Ajá 17 ló kù, sílẹ́ẹ̀jì méjì. Wọ́n di nǹkan bí 135 kìlógírámù ẹrù sórí wọn, pẹ̀lú agolo kẹrosíìnì kan. Ohun tí èèyàn méjì àti ajá 17 yóò fi rin 400 kìlómítà nìyí.

Wọ́n ya àwọn méjèèjì ní fọ́tò kí wọ́n tó lọ. Fọ́tò náà ti káyé. Wegener àti Rasmus dúró síbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ onírun bo ara dé orí. Òun ni fọ́tò ìkẹyìn àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìwé tó tẹ̀ ẹ́ jáde ń sọ̀rọ̀ ẹni kan nínú wọn ju ẹnì kejì lọ.

Wegener kì í ṣe àlejò sí yìnyín. Ó ti bá àwọn ará Denmark lọ sí àríwá ìlà oòrùn Greenland láti 1906 sí 1908. Ní 1912 ó tún padà lọ, òun àti J. P. Koch sì la òkè yìnyín náà já láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn ní 1913. Ó mọ ohun tó wà níwájú. Rasmus náà mọ̀ ọ́n, nítorí ilẹ̀ baba rẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ ajá dídà sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé fún un.

Wọ́n dágbére. Wọ́n kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Àwọn mẹ́ta tó ṣẹ́kù sí Eismitte kò rí wọn mọ́.

Aago 12 ọ̀sán. Aago 3 ọ̀sán ní Ìkọ̀lé

Oòrùn Eismitte ti ga dé ibi tó lè ga dé lọ́jọ́ náà. Kò ga púpọ̀ sí etí ilẹ̀. Òjìji ajá àti èèyàn gùn lọ rẹrẹ lórí funfun.

Ní Ìkọ̀lé, oòrùn ń ta sórí àpáta. Ó yẹ ká dúró sórí àpáta yẹn díẹ̀, nítorí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń rìn lórí yìnyín. Àpáta Èkìtì jẹ́ ara àpáta àtayébáyé tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ tún yí padà ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ rí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àríwá ìlà oòrùn Brazil, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Borborema, nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni kí òkun tó wọ àárín wọn, ní nǹkan tó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia tẹ ilẹ̀ tó ti bá tiwọn so pọ̀ rí láìmọ̀.

Wegener ló kọ́kọ́ kó ẹ̀rí irú èyí jọ dáadáa. Ó sọ ọ́ ní gbangba ní Frankfurt ní 6 oṣù Kìíní ọdún 1912, ó sì fi ṣe ìwé ní 1915. Ó wo bí etí òkun méjèèjì ṣe bára mu, ó wo àpáta, ó wo egungun Mesosaurus, ẹranko inú omi ayé àtijọ́ tí wọ́n rí ní gúúsù Áfíríkà àti ní Brazil. Ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ kọ̀ ọ́. Ní ìpàdé kan ní New York ní 1926, wọ́n bẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tó pé 50 ọdún, tó ń tẹ̀ lé ajá lórí yìnyín, wọn kò tíì gbà á gbọ́. Ìgbà tí wọ́n wádìí ìsàlẹ̀ òkun ní àwọn ọdún 1960 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀.

Aago 2 ọ̀sán. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ní Ìkọ̀lé

Àkókò kíkà kejì. Ní ti Sorge, inú ilẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Ní Eismitte ló ti gbẹ́ kànga kan sínú òjò dídì títí tó fi jìn tó 15 mítà, tó ń gé ègé rẹ̀ wọ̀n bó ti ń lọ sísàlẹ̀.

Ohun tó ń wò rèé. Òjò dídì tó rọ̀ lọ́dún yìí kì í yọ́ tán níbẹ̀. Tọdún tó ń bọ̀ ló ń rọ̀ lé e. Ti ìgbà ooru yàtọ̀ sí ti ìgbà òtútù, nítorí náà èèyàn lè ka ọdún lára ògiri kànga. Bí ẹrù ti ń pọ̀ lórí, ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀, bí gbàgúdá rírin nínú àpò ṣe ń fún pọ̀ lábẹ́ òkúta. Afẹ́fẹ́ ni ti òjò dídì ń fún jáde níbi tí ti gbàgúdá ti ń fún omi. Èyí tí kò ráyè jáde nínú afẹ́fẹ́ náà a há sínú yìnyín, ó sì di ìṣúra fún ẹni tó bá wá a kàn lọ́jọ́ iwájú. Sorge rí i pé níbi tí òjò dídì bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún, bí ó ti le tó ní ìwọ̀n jíjìn kan kì í yí padà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin yìí títí di òní.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yin àdó olóró lórí yìnyín, wọ́n sì ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ìró rẹ̀ fi lọ dé orí àpáta tó wà nísàlẹ̀, tó sì fi padà. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé yìnyín Eismitte nípọn ju kìlómítà méjì lọ.

Aago 3 ọ̀sán. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ní Ìkọ̀lé

Oòrùn wọ̀. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé ní ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó wà láàárín ìgbà tí oòrùn wọ̀ ní Ìkọ̀lé àti ìgbà tó wọ̀ ní Eismitte. Àgbẹ̀ tó ń tọ́jú àdá rẹ̀ ní Èkìtì àti Rasmus tó ń da ajá lórí yìnyín jọ bọ́ sínú òkùnkùn ni.

Bí alẹ́ ti ń lẹ́ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ fún ẹni tó ń da ajá. Ajá gbọ́dọ̀ jẹun, àgọ́ gbọ́dọ̀ dúró, omi gbọ́dọ̀ ti inú òjò dídì yọ́ lórí iná kékeré, okùn tó ti dì gbọ́dọ̀ túká. Bí ọwọ́ bá pẹ́ níta ìbọ̀wọ́, ó kú. Ẹ̀kọ́ yunifásítì kò lè gbé Wegener dé etí òkun láìsí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí.

Aago 9 alẹ́. Aago 12 òru ní Ìkọ̀lé

Àkókò kíkà kẹta. Òṣùpá tó ti ju ààbọ̀ lọ wà lójú sánmà, ó sì rẹlẹ̀ ní ìhà gúúsù. Nínú ihò, wọ́n gbà pé àwọn méjèèjì yóò dé etí òkun. Àwọn tó wà ní etí òkun yóò sì gbà, bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, pé Wegener ti dúró sí Eismitte títí òtútù yóò fi rọ̀. Kò sí rédíò tí ìhà kan yóò fi bi ìhà kejì. Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1931, àwọn ará etí òkun dé Eismitte, ìhà méjèèjì sì mọ òótọ́ lójijì. Ní 12 oṣù náà, wọ́n rí igi pẹlẹbẹ gígùn méjì tí Wegener ń dè mọ́ ẹsẹ̀ rìn, méjèèjì dúró ṣánṣán nínú òjò dídì, ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, lórí awọ ẹran, tí wọ́n fi aṣọ àpò ìsùn rán bò. Kò sí ọgbẹ́ òtútù tó burú lára rẹ̀. Ó jọ pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ làálàá.

Rasmus ló sin ín. Ẹ fi ojú inú wò ó: ọ̀dọ́kùnrin kan ṣoṣo, nínú òkùnkùn àti òtútù tó ń pa mẹ́kúrì, kò sáré fi òkú ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó tẹ́ awọ, ó rán aṣọ bò ó, ó ri àmì mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Ó kó ìwé àkọsílẹ̀ Wegener dání láti gbé e dé ilé. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú nìkan. Wọ́n wá a títí. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí Rasmus, kò sẹ́ni tó rí ìwé náà.

Láti ọjọ́ yẹn dé òní

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé ipasẹ̀ Eismitte. Ní 1966, àwọn ará Amẹ́ríkà lu yìnyín Greenland já ní Camp Century, ní nǹkan bí 1,390 mítà. Ní 1992 àti 1993, ikọ̀ méjì lù ú já ní ibi tó nípọn ju 3,000 mítà lọ. Nínú yìnyín yẹn ni wọ́n ti ka bí ayé ṣe ń tutù tó sì ń gbóná lójijì ní ìgbà láéláé. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní 2007, Syee Weldeab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ òkun Gulf of Guinea, wọ́n sì rí i pé ìgbà tí òtútù mú ní Greenland ni òjò ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń dínkù. Òjò tí àgbẹ̀ Ìkọ̀lé ń retí àti yìnyín tí Sorge ń wọ̀n wà nínú ètò kan náà.

Lónìí, Greenland ń pàdánù nǹkan bí 270 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yìnyín lọ́dọọdún, inú òkun ló sì ń lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, òkun yóò ga sí i ní nǹkan bí mítà méje. Ọmọ Èkìtì tó kọ́lé sí etí ọ̀sà ní Èkó ní ìpín nínú ìṣirò yìí.

Orúkọ Wegener wà lára ilé-iṣẹ́ ìwádìí yìnyín tó tóbi ní Bremerhaven ní Jámánì, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Èkìtì mọ ohun tí a ń pè ní aláàárù. Kí mọ́tò tó wọ ilẹ̀ wa, orí wọn ni ẹrù àwọn awọnlẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà kọjá òkè àti odò. Orúkọ ọ̀gá wọ inú ìwé. Orúkọ ẹni tó ru ohun-èlò, tó mọ ọ̀nà, tó dáná, sọnù. Kò yẹ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí Rasmus ní ẹnu wa. Ìmọ̀ kì í dá rìn. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń gbé e dé ibi tó ń lọ. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá tún ń kọ́ ọmọ wa pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti so pọ̀ rí, kó kọ orúkọ méjì sára pátákó: Alfred Wegener, Rasmus Villumsen. Kó sì sọ ohun tí ẹnì kejì ṣe.